Láti Ara Bọmubọmu Dé Orí Náílọ́ọ̀nù: Ìtàn Okùn Ìwọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Apẹja Adágún Chad

Ìfáárà

Bí a bá dárúkọ Borno ní kíláàsì ìtàn, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ ni ìtàn àwọn Mai àti àwọn Shehu, ogun Rabeh, àti bí àwọn Òyìnbó ṣe pín ilẹ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ìtàn gidi ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn wà tí kò sí nínú àwọn ìwé tí a ń kà fún ìdánwò, tí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ àwọn mẹ̀kúnnù ni ó wà. Ìtàn náà ni ti okùn tín-ín-rín tí apẹja fi ń so ìwọ̀ rẹ̀. Ẹnìkan lè rẹ́rìn-ín pé kí ni okùn ìwọ̀ jẹ́ tí a ó fi máa kọ ìtàn rẹ̀. Àwọn àgbà ti dá a lóhùn pé bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí àwa ọmọ Yorùbá bí a ti lè rò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti jẹ àrọ̀ gbígbẹ tí a ká roboto bí òrùka, tí èéfín ti sọ di dúdú. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà Maiduguri ni púpọ̀ nínú irú ẹja bẹ́ẹ̀ gbà dé ọjà wa. Àwọn Haúsá ń pè é ní banda. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń gbé e wá. Nígbà tí ojú irin sì dé Maiduguri ní 1964, ọ̀nà kejì ṣí sílẹ̀ fún òwò láàárín Borno àti gúúsù. Ẹni tí ó bá jẹ ẹja náà, okùn àwọn apẹja wọ̀nyí ti ṣiṣẹ́ fún un, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ohun tí a fi ń ṣe okùn ìwọ̀ ní Adágún Chad ti yí padà, nítorí pé omi yí padà, ọjà sì yí padà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n síso okùn náà wà lọ́wọ́ apẹja títí di òní. Ohun tí ó sì yẹ kí ó ká wa lára ni pé apá kan nínú ọgbọ́n náà ti ń lọ láìsí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Adágún náà àti àwọn ènìyàn rẹ̀

Apá àríwá-ìlà-oòrùn Maiduguri ni Adágún Chad wà, níbi tí ilẹ̀ Nàìjíríà, Niger, Chad àti Kamẹrúùnù ti pàdé. Láti Maiduguri dé Baga, tí í ṣe ọjà ẹja tí ó lókìkí jù ní apá ti Nàìjíríà, tó nǹkan bí 200 kìlómítà. Odò Chari àti Logone, tí wọ́n ń ti gúúsù ṣàn wá, ni wọ́n ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú omi rẹ̀ wá. Odò Yobe, tí ó gba ilẹ̀ Nàìjíríà kọjá, ń mú ìwọ̀nba wá. Adágún náà kò ní ọ̀nà tí ó ń gbà ṣàn dé òkun, síbẹ̀ omi rẹ̀ kì í ṣe omi iyọ̀. Ó fẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìn. Mítà díẹ̀ péré ni jíjìn rẹ̀. Nítorí náà, bí òjò bá dín kù díẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, omi a fà sẹ́yìn lọ jìnnà ní etí adágún. Kí a rántí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé òun ni yóò tú ọ̀pọ̀ nǹkan fún wa níwájú.

Àwọn Yedina, tí àwọn ará ìta ń pè ní Buduma, ni wọ́n ń gbé orí àwọn erékùṣù inú adágún náà. Àwọn Kànúrí wà ní etí omi ní ìwọ̀-oòrùn, àwọn Kotoko wà ní gúúsù. Lẹ́yìn náà ni àwọn Haúsá àti àwọn apẹja láti ilẹ̀ mìíràn wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Gbogbo wọn ni okùn jẹ́ ẹ̀mí iṣẹ́ wọn. Àwọn Yedina kì í gbẹ́ ọkọ̀ wọn láti ara igi. Koríko gíga etí omi tí a ń pè ní papyrus ni wọ́n ń dì ní ìdì-ìdì, tí wọ́n á fi okùn so ó pọ̀ títí yóò fi di ọkọ̀. Àwọn Kotoko ní tiwọn a máa fi okùn rán pákó mọ́ pákó bí ẹni rán aṣọ. Ọgbọ́n àwọn ará adágún yìí lókìkí tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí Thor Heyerdahl, ọmọ ilẹ̀ Norway, fẹ́ fi ọkọ̀ koríko la òkun Àtìláńtíìkì já ní 1969, àwọn ọmọ Adágún Chad ni ó kó lọ sí ilẹ̀ Íjíbítì láti bá a di ọkọ̀ náà.

Ohun tí ilẹ̀ pa mọ́ fún wa

Iṣẹ́ ẹja pípa ní agbègbè yìí ti pẹ́ ju ìtàn ọba èyíkéyìí lọ. Ní 1987, darandaran Fúlàní kan tí ó ń gbẹ́ kànga ní abúlé Dufuna, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, ṣe kòńgẹ́ igi líle kan nísàlẹ̀ ilẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wú u, ọkọ̀ ojú omi ni, tí gígùn rẹ̀ ju mítà 8 lọ. Wọ́n ṣe ìwádìí ọjọ́ orí rẹ̀, ó sì tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Kò tíì sí ọkọ̀ tí a rí ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ó pẹ́ tó o. Ní àwọn ọdún 1960, Graham Connah wú òkìtì Daima, ní Borno, ó sì rí ọ̀kọ̀ ẹja tí a fi eegun gbẹ́, tí ó ní ìkọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kí ẹja má baà lè yọ lára rẹ̀.

Igi àti eegun lè pẹ́ nínú ilẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́rìí fún àwọn tí ó lò wọ́n. Okùn kì í ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Jíjẹrà ni í jẹrà. Ìdí nìyí tí ìtàn okùn fi ṣòro láti kọ. Ohun méjì péré ni ó lè ràn wá lọ́wọ́: ohun tí àwọn àlejò tí ó fojú rí i kọ sílẹ̀, àti ohun tí ó ṣì kù lọ́wọ́ àwọn tí ó ń ṣe é.

Okùn kí náílọ́ọ̀nù tó dé

Ní oṣù kejì ọdún 1823, Dixon Denham, Hugh Clapperton àti Walter Oudney dé etí Adágún Chad láti ọ̀nà aṣálẹ̀. Nínú ìwé tí wọ́n kọ lórí ìrìn àjò wọn, Denham ṣàlàyé bí àwọn ará Borno ṣe ń pẹja ní odò Yobe, tí ó pè ní Yeou. Ó ní àwọ̀n wọn dára púpọ̀, àti pé ara igi kan tí kì í kú lọ́dọọdún, tí ó gbọ́ tí wọ́n ń pè ní kalimboa, ni wọ́n ti ń rí fọ́nrán tí wọ́n fi ń ran okùn rẹ̀. Apẹja a so akèrègbè ńlá méjì mọ́ orí ọparun kan, ọ̀kan ní ìhín, ọ̀kan ní ọ̀hún, a jókòó sí àárín wọn bí ẹni gun ẹṣin, a sì jẹ́ kí odò máa gbé òun lọ. Esùsú ni ó ń mú àwọ̀n náà léfòó. Àpò awọ kéékèèké tí ó kún fún yanrìn ni ó ń fà á lọ sísàlẹ̀. Kí a kíyè sí i pé kò sí ohun kan nínú gbogbo irin-iṣẹ́ yìí tí apẹja rà lọ́wọ́ ará òkèèrè. Láti ara koríko, igbá, awọ àti igi tí ó yí i ká ni ó ti rí gbogbo rẹ̀.

Igi kan tí àwọn apẹja ilẹ̀ gbígbẹ wọ̀nyí ń lò fún okùn kì í ṣe àjèjì sí wa rárá. Bọmubọmu ni. Àwa mọ̀ ọ́n nítorí wàrà, nítorí pé oje rẹ̀ ni àwọn obìnrin Fúlàní fi ń mú kí wàrà dì. Lábẹ́ èèpo igi rẹ̀, fọ́nrán funfun kan wà tí ó le, tí ó sì ń farada omi. A óò gé ẹ̀ka tí ó tọ́, a óò jẹ́ kí ó rọ, a óò bó èèpo rẹ̀, a óò sì fa fọ́nrán náà yọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣe é gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí oje funfun náà má ta sí i lójú, nítorí pé ó lè pa ojú lára.

Nígbà tí fọ́nrán bá gbẹ, ọwọ́ ni iṣẹ́ kù sí. A óò fi àtẹ́lẹwọ́ yí ìdì fọ́nrán méjì lórí itan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́ sí ìhà kan náà. Lẹ́yìn èyí ni a óò kó méjèèjì pọ̀, tí a óò sì lọ́ wọn sí ìhà kejì. Ibí yìí ni àṣírí okùn wà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń fẹ́ tú sí ìhà kan, ni lílọ́ kejì ń fà á padà. Bẹ́ẹ̀ ni ìjàkadì àwọn méjèèjì fi ń di agbára okùn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àgbájọ fọ́nrán ni ó sì ń mú ẹja ńlá. Bí a bá fẹ́ kí okùn gùn, a óò máa fi fọ́nrán tuntun kún un kí èyí tí ó wà nílẹ̀ tó tán, kí ojúkò wọn má baà hàn.

Òwú pẹ̀lú wà tí àwọn kan ń lò. Ó rọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ jẹrà nínú omi. Àwọn tí ó ń lò ó ní láti máa sá a lóòrùn nígbà gbogbo, kí wọ́n sì máa rì í sínú omi èèpo igi kí ó lè gbó díẹ̀ sí i. Nítorí náà, ìdajì ayé apẹja ni ó ń lọ sí orí títún okùn àti àwọ̀n ṣe.

Ìyá okùn àti ọmọ okùn

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ kí a wo ohun tí okùn ìwọ̀ jẹ́ gan-an. Apẹja tí ó ń dẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní irú okùn méjì. Èkíní ni a lè pè ní ìyá okùn: ó gùn, ó nípọn, a sì so orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ òpó tàbí mọ́ ohun tí ó wúwo. Èkejì ni àwọn ọmọ okùn: wọ́n kúrú, wọ́n tín-ín-rín, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì fi ìwọ̀ kan rọ̀ sára ìyá.

Kí ni ìdí tí a kò fi so ìwọ̀ mọ́ ìyá okùn gan-an? Ìdí mẹ́ta ni. Èkíní, ẹja ní ojú; okùn tí ó nípọn lẹ́bàá ìjẹ ń lé e sá. Èkejì, ẹja ńlá lè já okùn. Bí ó bá já ọmọ, ìwọ̀ kan péré ni ó bá a lọ. Bí ó bá já ìyá, gbogbo iṣẹ́ òru ni ó ṣòfò. Ẹ̀kẹta, ẹja tí ìwọ̀ bá mú a máa yí gbirigbiri. Ọmọ okùn ni yóò gba ìyí náà sára kí ìyá má baà lọ́ pọ̀. Nítorí náà, apẹja tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí agbára ọmọ okùn kéré sí ti ìyá.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn Haúsá ń pè ní mari-mari, tí a kì í fi ìjẹ kankan sí ìwọ̀. A óò so àwọn ìwọ̀ náà súnmọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí, a óò sì dẹ wọ́n sí ọ̀nà tí ẹja ń gbà kọjá nísàlẹ̀ omi. Àrọ̀ tí ó bá ń wọ́ lọ yóò fi ara kan ọ̀kan. Bí ó ti ń jà láti bọ́, ìwọ̀ kejì àti ẹ̀kẹta yóò tún kọ́ ọ. Nínú irú iṣẹ́ yìí, gígùn ọmọ okùn àti àlàfo tí ó wà láàárín wọn ni ohun gbogbo. Bí wọ́n bá gùn jù, wọn yóò lọ́ mọ́ra. Bí wọ́n bá jìnnà síra jù, ẹja yóò gba àárín wọn kọjá. Ọwọ́ àti ojú apẹja ni òṣùwọ̀n rẹ̀.

Irú ọgbọ́n kan náà wà ní ilẹ̀ àwọn Òyìnbó. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí ó ń fi ìyẹ́ ẹyẹ àti òwú ṣe ohun tí ó jọ kòkòrò sára ìwọ̀, tí wọ́n sì ń jù ú sójú omi kí ẹja lè rò pé eṣinṣin ni. Láàárín okùn ńlá wọn àti ìwọ̀ yìí, wọ́n a máa so okùn kan tí ó ń tín-ín-rín sí i bí ó ti ń súnmọ́ ìwọ̀. Aṣíwájú ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn. Ìwé kan tí a tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1496 ti kọ́ni bí a ṣe ń fi irun ìrù ẹṣin lọ́ irú okùn bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń lo fọ́nrán tí wọ́n fà yọ láti inú kòkòrò ṣẹ́dà, tí ìlú Murcia ní ilẹ̀ Sípéènì sì di olókìkí nítorí rẹ̀. Wọ́n ní láti rẹ ẹ́ sínú omi kí ó tó ṣeé ta ní kókó. Títí di òní, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ra aṣíwájú tí a ti so tán. Ara wọn ni wọ́n ń so ó, wọ́n á so èyí tí ó nípọn mọ́ èyí tí ó kéré sí i, títí dé ìdí ìwọ̀. Fún púpọ̀ nínú wọn, eré ọwọ́ dilẹ̀ ni. Fún apẹja Baga, oúnjẹ ọmọ ni. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni.

Náílọ́ọ̀nù dé

Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì, 1935, ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Wallace Carothers àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ ṣe náílọ́ọ̀nù fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìbọ̀sẹ̀ obìnrin ni ó sọ ọ́ di olókìkí ní 1940. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n kó o lọ fi ṣe agbòòrùn tí àwọn ọmọ ogun fi ń fò sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Lẹ́yìn ogun ni ó wá tàn káàkiri ayé gẹ́gẹ́ bí okùn ẹja. Láàárín àwọn ọdún 1950 sí 1960, ó dé Adágún Chad.

Ìyípadà ńlá ni èyí. Náílọ́ọ̀nù kì í jẹrà nínú omi. Ó tín-ín-rín ju òwú lọ, ó sì lágbára jù ú lọ. Àkókò náà ni ìjọba gbé ibùdó ìwádìí ẹja kalẹ̀ ní Malamfatori, lẹ́bàá ẹnu odò Yobe, níbi tí A. J. Hopson ti ṣe iṣẹ́ lórí ẹja ńlá tí àwọn Haúsá ń pè ní giwan ruwa, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ erin inú omi. Ní 1972 ni a tẹ ìwé rẹ̀ lórí ẹja náà jáde. Àwọ̀n náílọ́ọ̀nù ni ó bá ẹja ńlá bẹ́ẹ̀ mu nínú omi gbalasa. Òwò banda gbilẹ̀, Baga sì kún.

Àwọn kan rò pé nígbà tí náílọ́ọ̀nù dé, iṣẹ́ ọwọ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkókó òwú kò dúró lára náílọ́ọ̀nù, nítorí pé ó ń yọ̀. Apẹja ní láti kọ́ kókó tuntun, kí ó yí okùn po lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó fà á. Ó tún ní láti fi omi tàbí itọ́ rin ín kí ó tó fún un, nítorí pé bí a bá fà á ní gbígbẹ, ìfaragbora yóò mú kí ó gbóná, yóò sì dín agbára rẹ̀ kù. Ohun tí ó kú ni lílọ́ okùn lórí itan àti ìmọ̀ igi tí a ti ń fa fọ́nrán yọ. Ohun tí ó yè ni síso.

Omi fà, okùn yí padà

Ní nǹkan bí 1963, Adágún Chad fẹ̀ tó 25,000 kìlómítà níbùú lóròó. Ọ̀dá dé ní àwọn ọdún 1970. Láàárín 1973 sí 1975, omi fà débi pé adágún náà pín sí méjì, apá àríwá àti apá gúúsù. Malamfatori tí a kọ́ sí etí omi wá bá ara rẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Nígbà tí ó fi di àárín àwọn ọdún 1980, omi tí ó hàn gbangba kò tó 2,000 kìlómítà níbùú lóròó mọ́. Láti àwọn ọdún 1990, omi ti padà díẹ̀, ṣùgbọ́n koríko àti igi ni ó bo púpọ̀ nínú ibi tí omi gbalasa wà tẹ́lẹ̀.

Ẹja pẹ̀lú yí padà. Giwan ruwa, tí ó fẹ́ omi tí ó fẹ̀, dín kù gidigidi. Àrọ̀ àti ẹpìyà ni ó gba ipò. Àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ lókè omi, nítorí náà ó lè gbé inú àbàtà tí ẹja mìíràn yóò kú sí. Nínú omi tí ó kún fún koríko, àwọ̀n ńlá kò wúlò mọ́. Ó ń há, ó sì ń ya. Àwọn apẹja padà sí ìwọ̀ àti ìgèrè. Irú ìgèrè kan wà tí àwọn apẹja láti ilẹ̀ Mali mú wá, tí wọ́n ń tò lọ gbọọrọ di ọ̀nà omi. Dumba ni wọ́n ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá okùn àti ọmọ okùn tún gba iyì wọn padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Adágún Chad lè kà á lára okùn àwọn apẹja rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ náílọ́ọ̀nù di ọ̀rẹ́ ni ó sọ ọ́ di ọ̀tá. Okùn bọmubọmu tí ó bá sọnù sínú omi yóò jẹrà, yóò sì dákẹ́. Àwọ̀n náílọ́ọ̀nù tí ó bá sọnù kò ní dákẹ́; yóò máa pa ẹja àti ẹyẹ lọ láìsí ẹni tí yóò kó wọn. Bí ẹja ti ń kéré sí i, àwọn kan sì ń dín ojú àwọ̀n wọn kù láti kó èyí tí kò tíì dàgbà. Òfin ìpẹja inú odò, Òfin 108 ti ọdún 1992, fi òté lé àwọ̀n tí ojú rẹ̀ bá kéré jù, ṣùgbọ́n òfin kò lè dúró sí etí gbogbo omi.

Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, Boko Haram kọlu Baga, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn tí ó yè sì sá. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó sá di ará ibùdó ní Maiduguri. Apẹja tí ó jìnnà sí omi kò ní ohun tí yóò fi okùn so. Ọmọ rẹ̀ tí ó dàgbà sí ibùdó kò rí ọwọ́ baba rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ni ìwé iṣẹ́ yìí. Ogun lè tán, omi lè padà, kí ó jẹ́ pé ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ni kò sí.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé okùn ìwọ̀ ní Adágún Chad ti gba ọwọ́ igi, òwú àti náílọ́ọ̀nù kọjá, àti pé ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, apẹja ni ó ń so ó fún ara rẹ̀. Ohun tí a pàdánù nígbà tí náílọ́ọ̀nù dé ni ìmọ̀ igi àti ìmọ̀ lílọ́. Ìwọ̀nba tí a mọ̀ nípa rẹ̀ lónìí, ọwọ́ àlejò ni púpọ̀ rẹ̀ ti wá, nítorí pé àwọn onílé kò rò pé ó tó ohun tí à ń kọ.

Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ gbọ́dọ̀ fi èyí ṣe àríkọ́gbọ́n. Àwọn apẹja tiwa náà wà ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìlàjẹ àti ní etí odò Ọya, náílọ́ọ̀nù sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn náà. Bí a bá rán akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ bá bàbá àgbà kan láti béèrè ohun tí wọ́n fi ń ṣe okùn kí náílọ́ọ̀nù tó dé, orúkọ igi náà, àti orúkọ kókó kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ìtàn ni ó ṣe, iṣẹ́ èdè ni ó sì ṣe pẹ̀lú. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Àwọn àgbà tí ó mọ orúkọ wọ̀nyí ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ mọ́. Kí a lọ bá wọn nísinsìnyí.